Gírámà Etí àti Gírámà Ìwé: Ipa Gírámà Nínú Kíkọ́ Èdè Láàrin Èjìgbò àti Abidjan

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ipa tí gírámà ń kó nínú kíkọ́ èdè, ó sì fi ìlú Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe òpómúléró àlàyé rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò tó ṣòwò dé Côte d'Ivoire ló kọ́ èdè Faransé nínú ọjà láìfojú kan ìwé gírámà, nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún ń padà wálé wá kọ́ èdè Yorùbá. Àríyànjiyàn àpilẹ̀kọ yìí ni pé etí nìkan lè tó fún apá gírámà tí ìtumọ̀ tàbí èrè rọ̀ mọ́. Kò tó fún apá tí àṣìṣe ibẹ̀ kì í dí ìgbọ́ra-ẹni-yé lọ́wọ́, kò sì tó fún èyí tó jọ ti èdè àkọ́kọ́ lójú ṣùgbọ́n tí ìlò rẹ̀ yàtọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àlàyé olùkọ́ ti wúlò jù lọ.

Kókó-ọ̀rọ̀: gírámà, èdè àkọ́kúntẹni, Èjìgbò, èdè Faransé, arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀

1. Ìfáárà

Ìbéèrè kan ti pẹ́ láàrin àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn olùkọ́: ṣé dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ òfin gírámà kí ó tó lè sọ èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, àbí bí ó bá ti gbọ́ èdè náà tó, gírámà yóò wá fúnra rẹ̀? Kíláàsì ilẹ̀ òkèèrè ni a sábà máa ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Èjìgbò, ìlú tí kò jìnnà sí Ogbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Ẹdẹ, ní ẹ̀rí tirẹ̀ láti jẹ́.

Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń rin ìrìn-àjò òwò lọ sí Côte d'Ivoire. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà fi máa gba òmìnira ní 1960, wọ́n ti fìdí kalẹ̀ sí Abidjan àti àwọn ìlú mìíràn níbẹ̀, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti máa ń pe Yorùbá ní Ànàgó. Títí di òní, ọkọ̀ akérò ń gbéra láti Èjìgbò, ó ń gba ilẹ̀ Benin, Tógò àti Gánà kọjá, ó di Abidjan. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì ní ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni èdè Faransé. Rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, àti èyí tó tẹ̀lé ìdìbò ààrẹ ní 2010 sí 2011, tún mú kí àwọn kan kó ọmọ wọn padà wá sílé.

Nípa bẹ́ẹ̀, irú akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló pàdé ní Èjìgbò. Èkíní ni àgbàlagbà tó gbọ́ Yorùbá dalẹ̀ tó wá fi etí kọ́ Faransé ní ìdálẹ̀. Èkejì ni ọmọdé tí Faransé mọ́ lẹ́nu tó ń kọ́ Yorùbá ní ilé baba rẹ̀. Ohun tí etí kọ́ wọn, àti ohun tí etí kò kọ́ wọn, ni àpilẹ̀kọ yìí yóò gbé yẹ̀ wò.

2. Gírámà mẹ́ta tó ń jẹ́ orúkọ kan

Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí gírámà ló ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Èkíní ni ìmọ̀ tó wà lórí ẹni tó ń sọ èdè. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a kọ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣáájú àbọ̀, síbẹ̀ kò sí èyí tí yóò sọ pé ‘Adé iṣu jẹ’. Èkejì ni àlàyé tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣe nípa ìmọ̀ yẹn. Ẹ̀kẹta ni òfin àti àpẹẹrẹ tí olùkọ́ ṣà jọ fún ìlò akẹ́kọ̀ọ́.

Ìtàn ìwé gírámà Yorùbá fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Samuel Àjàyí Crowther gbọ́ Yorùbá láti inú oyún, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì tún gbé ìwé gírámà jáde ní 1852, ó di dandan fún un láti wo èdè tí ó ti ń sọ láìronú bí ẹni tó ń wo èdè ẹlòmíràn. Àjèjì tó fẹ́ kọ́ Yorùbá wà lára àwọn tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún. Bákan náà ni ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè tí T. J. Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1858. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní 1966, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1978, ète ti yí padà: bí èdè náà ṣe rí gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣàlàyé, láì fi ẹ̀wù Látìn tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́.

Gírámà kẹta, ìyẹn ti olùkọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀dà ti onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa èdè. Èyí tí etí rẹ̀ kò lè rí fúnra rẹ̀ ló nílò. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀, nígbà náà, ni bí a ṣe lè dá a mọ̀.

3. Ohun tí ọjà kọ́ni, àti ohun tí kò kọ́ni

Ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò kan tó dé Abidjan láìgbọ́ Faransé rárá. Ohun tí yóò kọ́kọ́ mọ́ ọn lára ni ìkíni, orúkọ ọjà àti iye owó. Iye owó kì í ṣe ohun kékeré nínú gírámà Faransé, nítorí pé ìṣirò wà nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ 1 fi í hàn:

(1) a. 70: soixante-dix (60 + 10), àádọ́rin (80 dín 10)
b. 80: quatre-vingts (20 lọ́nà 4), ọgọ́rin (20 lọ́nà 4)
c. 90: quatre-vingt-dix (80 + 10); àádọ́rùn-ún (100 dín 10)

Ní (1b), ọ̀nà kan náà ni èdè méjèèjì gbà ka iye náà: ogún mẹ́rin ló wà nínú ọgọ́rin, òun náà ló sì wà nínú quatre-vingts. Ní (1a) àti (1c), Yorùbá ń yọ kúrò, Faransé ń rò mọ́ ọn. Ẹni tó bá ṣì í pàdánù owó ni, ojú ẹsẹ̀ ni yóò sì mọ̀ pé òun ti ṣì í. Nítorí náà ni oníṣòwò tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà fi lè ka owó ní Faransé láìkọsẹ̀. Ọjà fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀, èrè àti àdánù sì ni ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo yàtọ̀ sí èyí. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ Faransé ló ní ìsọ̀rí akọ tàbí abo, ìsọ̀rí náà sì ń hàn lára atọ́ka tó ṣáájú rẹ̀. ‘Le marché’ ni ọjà, ‘la maison’ ni ilé. Yorùbá kò ní irú ìsọ̀rí yìí rárá, débi pé arọ́pò-orúkọ ‘ó’ kan náà la fi ń rọ́pò ọkùnrin, obìnrin, ẹran àti igi. Bí oníṣòwò bá sọ pé ‘la marché’ fún ogún ọdún, kò sí oníbàárà tí kò ní gbọ́ ohun tí ó wí, kò sì sí owó tí yóò sọnù. Bákan náà ni yíyí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Yorùbá a máa lo ‘lọ’ kan náà fún mo, o, ó, a, ẹ àti wọ́n. Faransé a máa sọ pé je vais, tu vas, nous allons, vous allez, ils vont. Olùwà tó ṣáájú ti sọ ẹni tó ń lọ, nítorí náà ìyípadà ara ọ̀rọ̀-ìṣe kò fi ohun púpọ̀ kún ìtumọ̀ fún ẹni tó ń gbọ́.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Faransé tí wọ́n ń sọ nínú ọjà Abidjan kì í ṣe ti inú ìwé. Faransé àárín ìgboro ní Côte d'Ivoire ti ní àbùdá tirẹ̀, yíyọ atọ́ka sílẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Oníṣòwò Èjìgbò tó ń sọ ọ́ kò ‘ba’ Faransé jẹ́. Èdè tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó ń sọ, ó sì gbọ́ ọ dáadáa. Wàhálà ń yọjú kìkì nígbà tí ó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba, tàbí nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ṣe ìdánwò. Níbẹ̀, ohun tí ọjà kò bèèrè ni wọn yóò bèèrè.

4. Ohun tí ilé kọ́ni, àti ohun tí kò kọ́ni

Tí a bá yí ojú padà sí ọmọ tó ti Abidjan dé, ọ̀rọ̀ náà gbóná ju ti ọjà lọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ 2 àti 3:

(2) a. Ṣé o ti jẹun?
b. Ṣé ẹ ti jẹun?

(3) a. Bàbá ti dé. Ó ń sùn.
b. Bàbá ti dé. Wọ́n ń sùn.

Lójú ẹni tó gbọ́ Faransé, (2) dà bí ohun tí kò le. Faransé náà ní ‘tu’ fún ẹni kan, ó sì ní ‘vous’ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí fún ẹni kan tí a bọ̀wọ̀ fún. Yorùbá ní ‘o’ àti ‘ẹ’. Ọmọ náà yóò kàn fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Nínú Faransé, ìsúnmọ́ra àti ìjìnnàsíra ló sábà máa ń pinnu èyí tí a ó lò: ọmọ lè sọ pé ‘tu’ fún baba tó bí i nítorí pé ará ilé ni wọ́n, kí ó sì sọ pé ‘vous’ fún àlejò tí kò mọ̀ rí. Nínú Yorùbá, ipò àti ọjọ́ orí ló ń pinnu rẹ̀, ìsúnmọ́ra kò sì pa á rẹ́. Baba tó súnmọ́ ọmọ jù lọ ni ‘ẹ’ tọ́ sí jù lọ. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń fi òfin Faransé lo arọ́pò-orúkọ Yorùbá yóò máa bọ̀wọ̀ fún àlejò níta, yóò sì máa sọ pé ‘o’ fún baba àti ìyá rẹ̀ nínú ilé.

Àpẹẹrẹ 3 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé kò ní ohun tó bá (3b) dọ́gba, nítorí pé ‘il’ ni yóò rọ́pò Papa, bí Papa ti wù kí ó jẹ́ àgbà tó. Ní Yorùbá, ẹni kan ṣoṣo ni Bàbá, síbẹ̀ arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Ọmọ náà lè máa gbọ́ ‘wọ́n’ lójoojúmọ́, kí ó sì máa rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ni bí àwùjọ ṣe ń gba àṣìṣe náà. Bí oníṣòwò bá sọ pé ‘la marché’, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ra ọjà rẹ̀. Bí ọmọ bá sọ pé ‘o’ fún ìyá ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé gírámà rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Wọn yóò sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí àṣìṣe èdè ṣe di àléébù ìwà nìyẹn, tí ìtìjú sì lè pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́ títí tí yóò fi padà sí Faransé tí kò ní kó o ní ìtìjú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú Yorùbá fúnra rẹ̀, àwọn ẹ̀ka-èdè kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn tí wọn kì í fi arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, ọmọ ibẹ̀ kò sì ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Irú ìjọra atannijẹ yìí tún wà níbòmíràn. Nínú Faransé ìsọ̀rọ̀sọ, ‘j'ai mangé’ ni a fi ń ròyìn ohun tó ti kọjá. Nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, asèrànwọ́ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, ó rọrùn kí ọmọ gbà pé ‘mo ti jẹun’ ni ó bá a dọ́gba nígbà gbogbo, kí ó sì máa fi ‘ti’ sí gbogbo ìròyìn àná àti ìjẹta. Yorùbá kò nílò rẹ̀: ‘mo jẹun’ nìkan ti tó, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ìṣe, bí kò bá ní atọ́ka kankan, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni ó sábà ń tọ́ka sí. Ti àyísódì náà kò yàtọ̀:

(4) a. Kò lọ. (Il n'est pas parti.)
b. Má lọ. (Ne pars pas.)
c. Kì í lọ. (Il ne part pas.)

‘Ne ... pas’ kan náà ló ṣiṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Faransé. Ní Yorùbá, a ní láti mọ̀ bóyá ìròyìn ni, tàbí àṣẹ, tàbí ìṣe àtìgbàdégbà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, etí lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fi ‘kò lọ’ ṣe àṣẹ kò ní rí ẹni tí yóò dá a lóhùn bí ó ṣe fẹ́, nítorí pé ìtumọ̀ ti yí padà. Bí ìyàtọ̀ ohùn ṣe rí náà nìyẹn láàrin ‘o lọ’ àti ‘ó lọ’. Àìgbọ́ra-ẹni-yé ni ó ń bá ọmọ náà wí.

5. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ

Ẹ̀rí Èjìgbò yìí ran ni lọ́wọ́ láti díwọ̀n àwọn tíọ́rì tó gbajúmọ̀. Stephen Krashen (1982) ya gbígba èdè sára sọ́tọ̀ kúrò lára kíkọ́ ọ. Lójú rẹ̀, gbígbọ́ èdè tó yéni ni ó ń sọ ènìyàn di elédè. Òfin gírámà kò ju ohun tí a fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó jáde lẹ́nu. Kíkà owó nínú ọjà jẹ́ ẹ̀rí fún un. Ṣùgbọ́n Merrill Swain (1985) rí ohun mìíràn láàrin àwọn ọmọ Kánádà tí wọ́n ń fi Faransé kọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń gbọ́ Faransé bí elédè, síbẹ̀ àṣìṣe gírámà kò tán lẹ́nu wọn. Àlàyé rẹ̀ ni pé ènìyàn lè lóye ọ̀rọ̀ láìkíyèsí gírámà rẹ̀, kò sì sí ohun tó fi tipátipá mú àwọn ọmọ náà sọ ọ́ ní àsọpé.

Richard Schmidt (1990) tẹ̀ síwájú pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá kíyèsí kò lè wọ inú ìmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí John Norris àti Lourdes Ortega (2000) kó àbájáde iṣẹ́ ìwádìí 49 pọ̀, wọ́n rí i pé àwọn tí a ṣàlàyé gírámà fún ní tààrà ṣe dáadáa ju àwọn tí a kò ṣàlàyé fún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìdánwò tí a lò ń kó ipa nínú rẹ̀.

Tí a bá da èyí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Èjìgbò, ìsọ̀rí mẹ́ta ló jáde. Ìsọ̀rí kìíní ni gírámà tí ìtumọ̀ tàbí èrè rọ̀ mọ́, bí iye owó, àyísódì àti ohùn. Ìlò ojoojúmọ́ ń kọ́ni ní èyí. Ìsọ̀rí kejì ni gírámà tí àṣìṣe ibẹ̀ kò dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bí akọ àti abo. Ẹnì kan ní láti pe àkíyèsí akẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ìsọ̀rí kẹta ni gírámà tó jọra lójú tí ìlò rẹ̀ yàtọ̀, bí ‘vous’ àti ‘ẹ’. Àlàyé ni ó nílò, nítorí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tilẹ̀ kíyèsí i, òye tí kò tọ́ ni yóò ní nípa rẹ̀.

6. Àpẹẹrẹ ilé-kéwú

Ètò kíkọ́ni kan ti wà láàrin Yorùbá ṣáájú ilé-ìwé òyìnbó, tí ó gbé gírámà sí àyè tirẹ̀. Ní ilé-kéwú, ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin. Álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa ka Kùránì títí tí ahọ́n rẹ̀ yóò fi tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ di alufa ni yóò tẹ̀ síwájú dé orí náhàwù, èyí tíí ṣe gírámà èdè Lárúbáwá, nípasẹ̀ ìwé kékeré bí èyí tí Ibn Ajurrum, onímọ̀ ará Mòrókò tó kú ní 1323, kọ. Kíké ló ṣáájú, àlàyé ló tẹ̀lé e. A lè ṣàríwísí ètò yìí pé ọ̀pọ̀ ni kò dé ibi tí ìtumọ̀ wà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀: òfin máa ń yéni dáadáa nígbà tí ohun tí òfin náà ń sọ bá ti wà ní etí àti lẹ́nu.

Ọjọ́ orí náà ní ipa tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé lè gba èdè láìbèèrè ìdí, ṣùgbọ́n àgbàlagbà a máa fẹ́ mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Fífi àlàyé dù ú nítorí pé ọmọdé kò nílò rẹ̀ kì í ṣe ìrànlọ́wọ́.

7. Àbá fún àwọn olùkọ́

Àbá mẹ́rin ló tẹ̀lé àlàyé òkè yìí. Èkíní, kí olùkọ́ Yorùbá tó ní ọmọ Abidjan nínú kíláàsì má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìsọ̀rí ọ̀rọ̀. Orí ‘o’, ‘ẹ’, ‘ó’ àti ‘wọ́n’ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì sọ ìyàtọ̀ wọn sí ‘tu’ àti ‘vous’ ní gbangba. Èkejì, kí òbí àti olùkọ́ ya àṣìṣe èdè sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà. ‘Ẹ ni a ń sọ fún àgbà’ jẹ́ ẹ̀kọ́. ‘Aláìlẹ́kọ̀ọ́’ jẹ́ èébú tí kò kọ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀kọ́ Faransé. Láti 1998 ni Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ya àyè sọ́tọ̀ fún Faransé ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ó bá kan akọ àti abo, Gẹ̀ẹ́sì lè ṣèrànwọ́ díẹ̀ nítorí pé ó ní ‘he’ àti ‘she’. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ‘vous’, ‘you’ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ó sì di dandan kí olùkọ́ máa ṣe wàhálà láti ṣàlàyé ohun tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ láti ilé. Ọgọ́rin àti quatre-vingts náà ń bẹ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìdí tí Yorùbá kò fi ní ṣe àtẹ̀gùn sí Faransé. Èdè-ìperí tí a óò fi ṣe é ti wà nílẹ̀: olùwà, àbọ̀, asèrànwọ́, arọ́pò-orúkọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a má fojú di Faransé ọjà. Oníṣòwò tó ti ń sọ ọ́ fún ọdún pípẹ́ ti ní gírámà tó pọ̀ lórí. Ohun tó kù fún un kò pọ̀, ó sì ṣeé kà lórí ìka ọwọ́. Bí a bá mú un bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, yóò sú u kí ó tó dé ibi tó nílò.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi ọ̀rọ̀ Èjìgbò àti Abidjan hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti lè dán àríyànjiyàn lórí gírámà wò. Àwọn tó ní gírámà kò pọn dandan rí ẹ̀rí nínú oníṣòwò tó ń ka owó. Àwọn tó ní ó pọn dandan rí ẹ̀rí nínú ọmọ tó ń sọ pé ‘o’ fún baba rẹ̀. Àwọn méjèèjì jàre ní ìwọ̀n tiwọn. Gírámà ìwé kò lè gba ipò gírámà etí, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ níbi tí etí bá dákẹ́. Fún ọmọ tó ń bọ̀ láti Abidjan, ìlà méjì àlàyé lórí ‘ẹ’ àti ‘wọ́n’ lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí ilé baba rẹ̀ gbà á bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Fún olùkọ́, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí ó mọ ibi tí etí dákẹ́ sí nínú èdè tí ó ń kọ́ni, kí ó sì kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.